Alpha Jet tàbí L-39: èwo ni ká fi kọ́ awakọ̀ òfúrufú ológun?

Àwọn ọ̀dọ́ Ìkẹjà tó ń gbọ́ ariwo bàálù lójoojúmọ́ máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Ológun òfúrufú wa ti lo méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó níwájú, olùkọ́ lẹ́yìn.

L-39 ti Czechoslovakia, tó kọ́kọ́ fò ní 1968, ní ẹ́ńjìnnì kan: kì í jẹ epo púpọ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì rọrùn. Alpha Jet, tí Faransé àti Jámánì jọ ṣe, tó kọ́kọ́ fò ní 1973, ní méjì, ó sì yára jù ú lọ. Ó ń náni lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lókè, èkejì lè gbé ọmọ olọ́mọ délé. Èyí ló ká mi lára jù.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sínú jẹ́ẹ̀tì, tí owó kò sì tó, L-39. Bó bá ti fẹ́ kọ́ ogun jíjà, Alpha Jet.