Atọ́nà wọn mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi awakọ̀ wọn

Irun mi ò tíì gbẹ tí mo fi ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn lọ wẹ̀ lábẹ́ òkun ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ n ti ìdí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin ibẹ̀ bóyá ẹja ekurá wà nínú omi yẹn. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tó jọ ọ́ níbí o." Ó ti fọ́ọ̀mù sí mi. Ìlà kẹrin sọ pé bí ekurá bá ṣe mí léṣe, ọwọ́ wọn ò sí níbẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ó ní ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ ìyẹn. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹja má gbé inú òkun o, irọ́ ni mi ò fẹ́.

Ti atọ́nà wa, ọ̀dọ́kùnrin tó kó wa sọ̀kalẹ̀ sínú omi, yàtọ̀. Ó ní kí n bọ́ òrùka mi, torí ó ń kọ yànràn bí ìpẹ́ ẹja. "Ẹ lè rí ekurá. Bí ẹ bá rí i, ẹ má sá, ẹ má ju ẹsẹ̀ kiri. Ẹ kọjú sí i."

Mítà 16 sísàlẹ̀ omi la wà nígbà tí atọ́nà kan tánkì afẹ́fẹ́ rẹ̀, kó, kó, kó. Mo wo ọ̀tún. Ẹja aláwọ̀ eérú kan, ó gùn tó mi, ń bọ̀ láìkánjú. Èémí mi di ti ajá tó sáré. Mo wo géèjì tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe kù sí nínú tánkì mi: 110, 105, 100. Òkè ni mo fẹ́ gbà lọ. Bí mo bá lọ bẹ́ẹ̀ tí mo sé èémí, afẹ́fẹ́ á wú nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, ó sì lè ya á. Atọ́nà di okùn èjìká mi mú, ó fi ẹ̀yìn mi ti àpáta, ó ń fi ọwọ́ kejì júwe fún mi: mí síta, rọra. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹja yẹn ló ń wò, kò wò mí. Ekurá náà yí po lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: mo fẹ́ kó padà wá.

Nígbà tí à ń padà gòkè, a dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nítorí ààbò, gbogbo rẹ̀ létòlétò. Mo di àkàbà ọkọ̀ mú báyìí, omi pupa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Awakọ̀ ń la ẹja tó fi ìwọ̀ mú, ó ń da ìfun rẹ̀ sídìí àkàbà! Èèyàn mẹ́ta ṣì wà nínú omi lẹ́yìn mi. Ìfun kan lẹ̀ mọ́ gọ́gù mi. "Ẹ má bínú, mo rò pé ẹ ti gòkè tán ni." Ta ló kà wá? Atọ́nà wa ò pariwo. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú garawa.

Ọ̀gá wọn ní òun ti gbọ́. Ó fún mi ní fìlà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Kò tilẹ̀ gba orí mi.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti gba àyè fún Sátidé, ọ̀dọ́kùnrin yẹn náà ni mo ní kó kó mi.