Abọ́ mẹ̀lámáìnì márùn-ún dọ́sìnì tá a dáwó rà: ọdún kan rèé

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti sọ fáwọn kan pé tó bá ti pé ọdún kan màá wá ròyìn bọ́rọ̀ àwọn abọ́ mẹ̀lámáìnì, ìyẹn abọ́ rọ́bà líle, yìí ṣe rí, torí nígbà tá a ń rà á, ńṣe ni wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín pé ṣé a fẹ́ ṣí búkà ni. Kábà la wà, lágboolé ọkọ mi, ìyàwó ilé mẹ́rin ni wá, bí Kérésì ṣe ń lọ lọdún tuntun ń dé, kó tó pẹ́ Àjíǹde, Iléyá (àbúrò ọkọ mi ń kírun), ọdún iṣu, ká má tíì wá sọ ìsọmọlórúkọ àtàwọn tó kàn máa já wọlé láti Abuja láìpe ẹnikẹ́ni.

Tẹ́lẹ̀, pléètì fóòmù là ń lò. Ẹ ti bu iyán gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo ń ta lójú ẹ̀ sínú pléètì fóòmù rí? Epo yẹn á rọ̀ ọ́ nídìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí aṣọ àlejò, àlejò náà á wá to méjì léra wọn kó tó jẹun. Èèyàn 60, ó di pléètì bíi 120 nìyẹn. Páàkì kan jẹ́ ₦5,000, 50 ló wà nínú ẹ̀, páàkì mẹ́ta la máa ń lò lọ́jọ́ kan, ₦15,000 lọ bẹ́ẹ̀, tílẹ̀ bá sì mọ́ a ó kó gbogbo ẹ̀ jọ sẹ́yìnkùlé ká dáná sun ún, èéfín dúdú á bo aṣọ tá a sá. Ọdún márùn-ún láàárín ọdún kan jẹ́ ₦75,000, owó tá a sun níná nìyẹn jàre.

Àwọn kan ní kí ló dé tá ò kúkú máa háyà abọ́. Òótọ́ ni, háyà ò wọ́n, ₦50 ni abọ́ kan, mo ti háyà dáadáa. Àmọ́ tó bá di Kérésì, tí gbogbo ará Èkó àti Abuja ti rọ́ wálé, ẹ ò ní rí háyà, wọ́n ti gbà á tán látinú oṣù kọkànlá. Èyí tá a sì rí gbà nígbà kan, ọ̀rá ẹni ẹlẹ́ni ṣì wà lára ẹ̀, àwa la tún un fọ̀ ká tó fi bu oúnjẹ, abọ́ mẹ́rin sọnù, wọ́n gba ₦1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kánópì àti àga rọ́bà ni mo ṣì ń háyà títí dòní o, ta ló ráyè àtitọ́jú kánópì?

Oṣù kejì la lọ rà á ní Lọ́kọ́jà, ìgbà yẹn ọjà ọdún ti lọ sílẹ̀, wọ́n máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. ₦9,600 ni dọ́sìnì kan, márùn-ún jẹ́ ₦48,000, a dá ₦12,000 ₦12,000, owó ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ibi tí wọ́n ti rẹ́ wa jẹ rèé: a ò tú u wò. Nígbà tá a gba ọ̀nà Obajana dé ilé la wá rí i pé nínú dọ́sìnì kan, abọ́ òkè àti tìsàlẹ̀ ló nípọn, àwọn fífúyẹ́ ni wọ́n kì sáàárín. Ẹ tú u, ẹ fi kan ara wọn, ìró wọn ò jọra rárá.

Abọ́ ọ̀hún fúnra ẹ̀, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ lórí sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì, kò fọ́. Àmọ́ ẹ má fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́, ó máa ha, ibi tó bá ti ha ni epo máa ń dì sí. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ọbẹ̀ tó gbẹ, ẹ má gbé e lé iná, ẹ má sì kì í sínú máíkírówéèfù.

Ọgbọ́n ọjà lẹ́yìn ọdún yẹn náà ni mo fi ra bàlúùn àti rìbọ́ọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì owó. Mo kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn tí páànù ibẹ̀ máa ń gbóná bí ààrò, nígbà tó fi máa di Àjíǹde bàlúùn ti lẹ̀ mọ́ra, bá a ṣe ń fẹ́ ẹ ló ń bẹ́. Ooru ló bà á jẹ́. Rìbọ́ọ̀nù ò ṣe nǹkan kan ní tiẹ̀, eléwé àti funfun la so fáwọn ọmọ ní October 1.

Ìyálé wa ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá abọ́, ó máa ń kà wọ́n kó tó fún ẹ, á tún kà wọ́n tó o bá dá wọn padà, kò mọ àbúrò kò mọ ọ̀rẹ́. Síbẹ̀ 57 ló kù nínú 60. Ọ̀kan sán nídìí, ara àwọn fífúyẹ́ yẹn ni. Méjì tó kù gbé ẹran Iléyá lọ sílé ẹnì kan, wọn ò tíì padà. Tẹ́ ẹ bá rí abọ́ funfun tí wọ́n fi pọ́líìṣì èékánná pupa sàmì sí nídìí nínú kíṣìnì yín ní Kábà, ẹ jọ̀ọ́, tiwa ni, a ò ní bi yín léèrè ẹran.