Kásíkì ńlá àbí ekutẹ́ inú etí lásìkò ọyẹ́ ní Kétu

Fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà láàárọ̀ ọyẹ́, kásíkì abo-etí, ẹ̀rọ ìgbọ́rin ńlá tí a ń gbé kọ́ orí, ni mo fara mọ́. Ó ń bo etí kí òtútù má baà wọlé, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́ ju ti ekutẹ́, ìyẹn kékeré tí a ń kì bọ etí, lọ. Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro rẹ̀: tó bá ń fẹ́ lu máìkì ara rẹ̀, ìró “fùùù” ni yóò kún etí yín. Ẹ pa ìdènà ariwo rẹ̀ (ètò tó ń fi máìkì náà dín ariwo ìta kù), ìró yẹn á rọlẹ̀.

Ekutẹ́ rọrùn láti kó sápò, àmọ́ eruku ọyẹ́ máa ń dí àwọ̀n ẹnu rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Òtútù tiwa kì í pa bátìrì, ti ìlú oníyìnyín ló ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin tó ń wa zemidjan (ọ̀kadà akérò), ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo ìkankan nínú méjèèjì: ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.