Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù Tí Mo Rà: Ibi Tó Tẹ́ Mi Lọ́rùn àti Ibi Tó Kù Sí

Ọkọ̀ ojú omi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ọkọ̀ fáíbà tó gùn tó nǹkan bíi mítà 5 ààbọ̀, tí ibi ìdarí rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn, tí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù kan sì so mọ́ ìdí rẹ̀. Àlòkù ni mo rà á. Ẹlòmíràn ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dé ọwọ́ mi. Mo ti lò ó pẹ́ tó báyìí tí ìdùnnú ọjọ́ àkọ́kọ́ ti rọlẹ̀, mo sì lè sọ ọ́ láìṣiyèméjì pé ó tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi. Ohun méjì ló fà á: ó bá omi tí mo ń gbà mu, èmi àti mẹkáníìkì kan sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Nínú àwọn ọlọ́kọ̀ tí mo mọ̀, àti ẹni tó ra tuntun àti ẹni tó ra àlòkù, ẹni tó ra èyí tí kò bá ìlò rẹ̀ mu ni inú rẹ̀ kì í dùn.

Abẹ́ ọkọ̀ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ; ó ṣe ṣóńṣó láti imú lọ sí ìdí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣóńṣó náà ń dínkù bí ó ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń la ìgbì kọjá, kì í gbá a gbàgbàgbà, nítorí náà ẹ̀yìn kì í ro atukọ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò tó gùn. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá dúró lójú kan, tí èèyàn méjì sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ó máa ń tẹ̀ ju ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ lọ. Ẹni tó jẹ́ pé odò tó rọra ń ṣàn ló ń gbà, tí kì í jìnnà sí bèbè, kò nílò irú abẹ́ báyìí rárá. Ọkọ̀ fífúyẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn ju tèmi lọ, epo tí yóò sì máa jó kò ní pọ̀ tó báyìí.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ní àwo kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ wọn lára, tí lẹ́tà kan wà lórí rẹ̀. C jẹ́ ti ọkọ̀ tó lè dojú kọ ìgbì tó ga tó mítà 2. D jẹ́ ti omi tó fara rọ, tí ìgbì rẹ̀ kì í sábà ju mítà 0.3 lọ. C ni tèmi. Orí àwo yìí kan náà ni wọ́n ti ń kọ iye èrò àti ìwọ̀n ẹrù tó yẹ kí ọkọ̀ gbà, mo sì rọ gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ pé kí ó ka àwo yẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ọ̀dà ṣe ń dán.

Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà kò bà mí lẹ́rù. Fáíbà kì í jẹrà bí igi, kì í sì í dípẹtà, ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ fáíbà kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970 ṣì fi wà lórí omi títí di òní, lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn. Ohun tí a wá lábẹ́ ọkọ̀ ni ibi tó lé ròrò, èyí tó ń fi hàn pé omi ti gba abẹ́ ọ̀dà wọ inú fáíbà, àti ìlà sísán tẹ́ẹ́rẹ́ láwọn igun tí ìnira máa ń pọ̀ sí. A rí ìlà sísán díẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ń so okùn mọ́, kò sì jinlẹ̀ kọjá ọ̀dà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í fọwọ́ kàn ni ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì so rọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí wọ́n pẹ́ sí jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, pákó pílíwúùdù ló wà láàárín fáíbà níbẹ̀, kí ó lè gba ìwúwo ẹ́ńjìnnì àti ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀ síwájú. Gbogbo ihò tí bóòtù gbà kọjá jẹ́ ọ̀nà fún omi. Bí ohun tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ bóòtù bá ti gbó, omi á wọlé, pákó á máa jẹrà láti inú, ìta á sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mẹkáníìkì tó bá mi lọ fi òòlù kékeré olórí ike kàn án láti apá òsì dé apá ọ̀tún, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó sì dẹtí sí i. Pákó tó le máa ń dún kó, kó, kó. Èyí tó ti rà máa ń dún bù, bù. Kó, kó ni tèmi dún jálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀, ó fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí n tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀ bóyá yóò mì. Kò mì rárá. Ẹni tí wọ́n bá ta ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà fún yóò gé fáíbà, yóò yọ pákó tó ti bàjẹ́, yóò fi tuntun rọ́pò, yóò tún un lẹ̀ padà, owó iṣẹ́ náà sì lè ju iye tí gbogbo ọkọ̀ náà tó lọ.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ fọ́ọ̀-sítírókù, irú èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí epo rẹ̀. Kò sí pé à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, èéfín rẹ̀ kéré, ariwo rẹ̀ sì mọ níwọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí a lè máa bára wa sọ̀rọ̀ láìpariwo nígbà tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́. Mo ti bẹ ẹni tó tà á pé kí ó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí a tó dé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àrùn rẹ̀ pamọ́. A fọwọ́ kàn án, ó tutù, a tan án, ó sì jí lójú ẹsẹ̀. A wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe bí nọ́ńbà náà ṣe tóbi tó ni à ń wò jù bí kò ṣe pé kí wọ́n sún mọ́ra, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. A tú ìdérí ìsàlẹ̀ ibi gíà, a jẹ́ kí ọ́ìlì kán díẹ̀ sínú àwo. Ọ́ìlì gíà tó bá rú tó sì funfun ń sọ pé omi ti gba ojú síìlì, rọ́bà tó yẹ kí ó dí omi mọ́ ìta, wọlé. Èyí tó jáde dúdú díẹ̀, ó sì mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ihò kékeré kan wà tí omi tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń tú jáde, òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń lọ bó ṣe yẹ. Bí ó bá ń tú pẹ̀lú agbára, ó dára. Bí ó bá ń kán tó, tó, rọ́bà inú pọ́ǹpù ti gbó tàbí kí ìdọ̀tí ti dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Títí di òní, ihò yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá ti tan ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì náà ṣì ń jáde. Ilé iṣẹ́ BRP dáwọ́ ṣíṣe ẹ́ńjìnnì Evinrude dúró ní ọdún 2020, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó lórúkọ ni. Kò túmọ̀ sí pé kí a sá fún gbogbo èyí tó kù nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùrà béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí yóò máa bá a tún un ṣe kí ó tó sanwó.

Àtúnṣe tó mú inú mi dùn jù lọ kò ṣòro rárá. Ìwé ẹ́ńjìnnì náà sọ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ó yẹ kí ó máa yí láàárín ìgbà 5,000 sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n tèmi kì í kọjá 4,700, imú ọkọ̀ sì máa ń pẹ́ lókè kí ó tó rọlẹ̀ sórí omi tí èrò bá pọ̀. Pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ síwájú, tí wọ́n fi sí i ló wúwo jù fún un láti yí. Íǹsì 19 ló jẹ́, ìyẹn ni pé bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, íǹsì 19 ló yẹ kí ó gbé ọkọ̀ síwájú. A fi oní-íǹsì 17 rọ́pò rẹ̀. Íǹsì kan tí a bá dín kù sábà máa ń fi ìyípo 150 sí 200 kún un, bó sì ṣe rí nìyẹn: ẹ́ńjìnnì kọjá 5,000, ọkọ̀ tètè dìde sójú omi pẹ̀lú ẹrù, ẹ́ńjìnnì kò sì rún ara rẹ̀ mọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ta ọkọ̀ wọn nítorí pé kò lágbára, nígbà tó jẹ́ pé pùròpẹ́là nìkan ni wọn ì bá pààrọ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà pẹ̀lú. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà pọ̀ káàkiri, ó fi tépù wé wọn, kò sì fi fíúsì sí ọ̀pọ̀ nínú wọn; bátìrì máa ń kú, iná ìrìn òru sì máa ń ṣẹ́jú. A tú gbogbo rẹ̀, a sì lo wáyà bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò, nítorí pé bàbà lásán kì í pẹ́ kí iyọ̀ tó jẹ ẹ́. Ìyẹn ti lọ. Èyí tí kò tíì lọ ni tánkì epo. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n sì fi fáíbà bo orí rẹ̀ pa, kò sí ọ̀nà láti rí i, kò sí ọ̀nà láti nu abẹ́ rẹ̀, ohun tó ń ka epo inú rẹ̀ kì í sì í sọ òótọ́ nígbà tí omi bá ru. Nítorí náà, ìlànà àwọn atukọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé: ìdá mẹ́ta epo kan fún àlọ, ìkan fún àbọ̀, ìkan kì í ṣe é fọwọ́ kàn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ń gba àkókò, ẹni tí kò bá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní gbádùn ọkọ̀, ì báà jẹ́ tuntun. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn lórí omi oníyọ̀, mo máa ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí iyọ̀ má baà dì sí i nínú. Ọ́ìlì àti àsẹ́ rẹ̀ ń di pípààrọ̀ ní wákàtí 100 tàbí lọ́dọọdún, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Irin kékeré wà tí wọ́n kàn mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ìpẹtà lè jẹ ẹ́ dípò ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Tó bá ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, pípààrọ̀ ló kàn. Síńkì tàbí alumíníọ́ọ̀mù ló yẹ fún omi oníyọ̀, maginíṣíọ́ọ̀mù fún omi tí kò níyọ̀.

Ẹni tó ra tuntun ní àǹfààní tí n kò ní: ilé iṣẹ́ ń dúró fún un bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín àsìkò tí wọ́n fọwọ́ sí, ó sì mọ ìtàn ọkọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni iye owó ọkọ̀ tuntun máa ń wálẹ̀ jù, ẹni tó kọ́kọ́ ni tèmi ló sì ru ẹrù yẹn. Fún ẹni tó ní mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán, tó sì lè mú sùúrù kọ ọkọ̀ mélòó kan sílẹ̀ kí ó tó rí èyí tó yẹ, mo gbà pé àlòkù ló sàn. Bí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn lọ́la, irú ọkọ̀ yìí kan náà ni màá rà, ṣùgbọ́n màá wá èyí tí tánkì epo rẹ̀ ṣeé yọ láìgé ilẹ̀ ọkọ̀.