Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìwà àti Ìdarí Tí Àwọn Ọmọ Mi Lọ ní Ìdànrè Nínú Ọlidé Gígùn

Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá, méjì nínú àwọn ọmọ mi, obìnrin ọmọ ọdún 16 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 14, lọ sí ètò ọlọ́sẹ̀ méjì kan tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwà àti ìdarí. N kò ní dárúkọ àwọn olùṣètò rẹ̀, nítorí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá báyìí, ohun tí mo sì fẹ́ ni kí òbí tó bá ka èyí lè mọ èyí tó yẹ kó náwó sí. Ní tèmi, ètò náà dára, ó sì tó owó tí a san. Ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ tí wọ́n fi lé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ ni gbogbo oore rẹ̀ ti wá; ọ̀rọ̀ tí wọ́n jókòó gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lọ́kàn wọn.

Wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́nimẹ́jọ, tọkùnrin tobìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibùsùn wọn kò papọ̀. Ọmọ kan ni yóò ṣe olórí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan, tó bá di ọjọ́ kejì, ó di ti ẹlòmíràn. Wọ́n á kó owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á lọ sọ́jà, tí wọ́n á ná ọjà, tí wọ́n á dáná, tí wọ́n á sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n ná sínú ìwé kan. Àgbàlagbà kan máa ń wà pẹ̀lú wọn láti rí i pé ewu kankan kò wu wọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá wọn pinnu. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ mi obìnrin, adìyẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n kọ́kọ́ rà, débi pé nígbà tí ìdarí fi máa kàn án, gàrí, ẹ̀pà àti ẹ̀wà díẹ̀ ló kù nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára àwọn tó lọ sọ́jà. Ẹni tó ń mójú tó wọn rí i pé ebi kò ní pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò fi kọ́bọ̀ kún owó wọn. Ọmọ mi pe gbogbo wọn jókòó, ibẹ̀ ló sì ti wá hàn pé ọmọkùnrin kan ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé owó náà kò ní tó, ṣùgbọ́n nítorí pé òun ló kéré jù láàárín wọn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Òun gan-an ni wọ́n wá fa ìwé ìnáwó lé lọ́wọ́ títí ètò fi parí. Mo ti ka ìwé náà. Láti ojú ewé tí ọmọ yẹn ti gbà á, iye ohun tí wọ́n fẹ́ rà máa ń ṣáájú iye ohun tí wọ́n rà. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Gígun Òkè Ìdànrè ni ìkejì tí mo gbé oríyìn fún. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Òfin tí wọ́n ṣe ni pé olórí ẹgbẹ́ ni yóò wà lẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú ẹni tó bá ti rẹ̀ jù, ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ kúrò ní ibi ìsinmi kankan títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé. Lókè, wọ́n rí ìlú àtijọ́ náà: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó ṣí wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ náà jókòó bí ìgbìmọ̀ ìlú, kí àwọn kan sọ ìdí tí ìlú fi gbọ́dọ̀ dúró sókè, kí àwọn kan sọ ìdí tó fi yẹ kó sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n má sì fi ìbò parí rẹ̀, bí kò ṣe kí wọ́n sọ ọ́ títí ohùn wọn yóò fi ṣọ̀kan. Ọmọ mi ọkùnrin, tó fẹ́ràn àríyànjiyàn, sọ fún mi pé apá ti àwọn tó fẹ́ kí ìlú sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n fi òun sí, pé ohun tó sì ṣòro jù ni láti sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n fi ibojì àwọn bàbá wọn sílẹ̀ lókè. Inú mi dùn gan-an pé ó ro èyí.

Ọ̀nà ìkọ́ni yìí ti pẹ́. Ní 1941, Kurt Hahn, olùkọ́ kan tí wọ́n bí ní Jámánì, àti Lawrence Holt, oníléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun, dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Aberdovey, ní Wales, níbi tí òkun àti òkè ti jẹ́ olùkọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ní 1951, Alec Dickson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Man O' War Bay, nítòsí Victoria (tí wọ́n ń pè ní Limbe báyìí), ní Gúúsù Kamẹrúùnù tí àwọn Òyìnbó ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò ní 1961 láti dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù, iṣẹ́ náà ń bá a lọ ní Nàìjíríà, òun ló sì di Citizenship and Leadership Training Centre, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní ìwà ará ìlú rere àti ìdarí, tó ní ilé ẹ̀kọ́ orí òkè ní Shere Hills nítòsí Jos. Ó dùn mí pé àwọn olùṣètò kò sọ ọ̀kankan nínú ìtàn yìí fún àwọn ọmọ náà, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Ọ̀sán ni àkókò tó ṣòfò jù. Wọ́n máa ń pe àwọn ènìyàn ńlá láti wá sọ bí wọ́n ṣe ṣe àṣeyọrí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ nípa ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ètò ìparí náà tún pẹ́ jù, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kò fara mọ́ rárá: wọ́n mú ọmọ kan ṣoṣo jáde, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn pé òun ni aṣáájú tó tayọ jù lọ. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ pé ẹ̀yìn ni olórí ń rìn, iwájú ni wọ́n gbé ẹnì kan sí nígbẹ̀yìn. Ojú àwọn ọmọ yòókù yí padà, gbogbo wa tí a wà nínú gbọ̀ngàn ló sì rí i.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tó tóbi jù ni ti àìsàn. Ibà ṣe ọmọ mi ọkùnrin níbẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fún un lóògùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí ara rẹ̀ ti yá tán ni wọ́n tó sọ fún wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gba fóònù gbogbo àwọn ọmọ náà, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ti gbà láti jẹ́ ẹnu ọmọ náà fún òbí rẹ̀. Kò yẹ kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó pè wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà sì kéré. Ẹ wo ètò àmì ẹ̀yẹ Duke of Edinburgh, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1956, tí irú rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà: ọmọ ọdún 14 tó bá fẹ́ gba Bronze, ìpele àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, yóò fi ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ sin ìlú, kọ́ iṣẹ́ kan, ṣe eré ìdárayá, kí ó sì rin ìrìn àjò. Àwọn tiwa ṣí ojúlé WhatsApp kan, kò sì pẹ́ tí ìpolówó ọjà fi gbà á kan. Síbẹ̀, ohun kan kù nílé wa. Ọmọ mi obìnrin ti ní kí n máa kó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ fún òun, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó tó pinnu ohun tí a ó sè, àbúrò wọn tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ bi. Ti ọkùnrin kò tíì hàn tó bẹ́ẹ̀, mo sì ń fún un láyè.

Àbúrò wọn yẹn yóò pé ọmọ ọdún 13 kí ọlidé gígùn tó ń bọ̀ tó dé, ọdún náà sì ni wọ́n ti ń gba ọmọ. Mo ti kọ̀wé sí àwọn olùṣètò pé èmi yóò sanwó rẹ̀ bí wọ́n bá lè fún mi ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó máa wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí ara ọmọ kò bá yá gan-an ni àwọn yóò pe òbí rẹ̀. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìdajì àkókò ọ̀sán kún ti ọjà. Wọ́n ti dá mi lóhùn lórí nọ́ọ̀sì. Mo ṣì ń retí èsì lórí èyí tó kù.