Ṣé owó ni ká gbà ni, àbí mọ́tò mìíràn?

Ní Kalifọ́níà, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò tuntun bá tún un ṣe títí, tí kò gbóògùn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó padà tàbí kí wọ́n fún ọ ní irú rẹ̀ mìíràn. Bí owó lo fẹ́, wọn ò lè fi mọ́tò tì ọ́ lọ́rùn.

Owó lèmi yóò gbà, pẹ̀lú owó-orí tí mo san lórí rẹ̀. Àmọ́ wọn yóò yọ owó ìlò: máìlì tó rìn kó tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wọn nítorí àbùkù náà ni wọ́n máa fi 120,000 pín, kí wọ́n tó fi iye tí o rà á sọ ọ́ di púpọ̀. Mọ́tò $36,000 tó rin máìlì 6,000, $1,800 ti lọ nìyẹn.

Mọ́tò mìíràn ńkọ́? Owó ìlò ò yẹ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wàrántì tuntun á bá a wá. Ẹni tó gbà pé tòun nìkan ló lábùkù lè mú un.