Owó ìjọba àbí owó olùrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ ìlera ní èdè Pọtogí?

Owó ìjọba ni Bràsíl gbára lé. Lọ́dún 2010 ni wọ́n dá UNA-SUS, ètò ìjọba kan, sílẹ̀, níbi tí àwọn yunifásítì ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wù mí jù ni pé iṣẹ́ náà kì í ṣòfò: wọ́n ní ibi ìkópamọ́ kan, ARES, tí ènìyàn ti lè rí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ lò. Nígbà tí àrùn Zika dé, ètò ti wà nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tuntun nìkan ló kù. Àmọ́ bí ìjọba bá dín owó kù, iṣẹ́ á fà sẹ́yìn.

Owó olùrànlọ́wọ́ láti òkèèrè, tí Mòsáńbíìkì gbójú lé gan-an nínú ètò ìlera, lè ṣe fídíò tó dára. Ṣùgbọ́n ó lọ́jọ́ tó ń parí. Ta ni yóò tún ẹ̀kọ́ ibà ṣe bí oògùn rẹ̀ bá yí padà?

Owó ìjọba ni mo fara mọ́. Kí ti olùrànlọ́wọ́ lọ sórí ohun tí Bràsíl kò lè ṣe fún àwọn ará Mòsáńbíìkì: ẹ̀kọ́ tí fóònù kékeré lè gbé, tí wọ́n tún gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Makhuwa, tí wọ́n ń sọ ní àríwá Mòsáńbíìkì, nítorí Pọtogí kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá ibẹ̀ ń sọ nílé.